Ogún Lẹ́ẹ̀mejì Lójúmọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ní àràárọ̀, kí n tó bọ́jú, síbí bàbá rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Síbí kékeré kan ni, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀. Màá fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, màá fi ìṣẹ́tí aṣọ nù ún, màá gbé e sínú àwo tíì, màá sì da nǹkan bò ó kí eṣinṣin má bà lé e. Lẹ́yìn náà ni màá bu omi sí ife, màá tú àpò oògùn, màá da hóró kan sínú síbí, ọ̀kan péré, màá gbé e lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, kò fẹ́ kí n rí òsì tó ń gbọ̀n. Á la ẹnu. Màá da oògùn sí i lórí ahọ́n, màá fún un lómi, á gbé e mì, á tún la ẹnu kí n lè yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò, nítorí o mọ bàbá rẹ, ó lè fi nǹkan pa mọ́ fún Ọlọ́run pàápàá. Tí mo bá wò ó tán, màá fi èédú fa ìlà kan sára ògiri. Bí o ṣe kọ ọ́ sórí fóònù lóṣù tó kọjá náà ni à ń ṣe é. Ẹni tó ń bá wa gba iná sí fóònù ló kà á fún wa, ó ní o ní kí a máa lo oògùn yẹn títí ìwọ yóò fi dé.

Wò ó, mo ti ń sọ̀rọ̀ síbí láìtíì kí ọ. Má bínú, ọmọ mi. Kú iṣẹ́ o, kú làálàá ìlú ńlá, kú àìjókòó. Báwo ni àtẹ̀gùn gígùn tí o ní o máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Oúnjẹ tí o bá jẹ á ṣe ara rẹ lóore. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé ga, ojú wọn á bọ́ sí ọ lára. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa lé, wàá ti jáde lọ mu omi. Má sì bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìka tí mo fi ń di bírò mú ni mo fi aṣọ wé yìí, bàbá rẹ ló gé e jẹ níjẹta, ìdí tó fi gé e jẹ ni mo sì fẹ́ sọ. Má fo ojú ewé kankan.

Níbi tí a ń gbé yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá. Ìwọ lo ní kí a kúrò ní abúlé wá sítòsí dókítà, a sì kó wá, ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta rè é, mi ò ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ju bàbá rẹ lọ, òun náà sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi tán láti ọgbọ̀n ọdún. O mọ bí ojú ṣe máa ń tì mí. Bí èèyàn bá kí mi, ìdáhùn mi máa ń dé nígbà tí ẹni náà bá ti yà ní kọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo ti mọ a, b, d díẹ̀ kí bàbá mi tó mú mi kúrò níléèwé, nítorí náà kò nira jù. Ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí. Olùkọ́ wa ní kí a máa kọ ohun tí ojú wa bá rí sínú ìwé lójoojúmọ́ kí ọwọ́ wa lè já gaara. Ibo ni ojú mi ti ń rí nǹkan bí kò ṣe ilé ìwòsàn, níbi tí mo ti ń mú bàbá rẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀? Mo bá ń kọ ọ́: ẹni tó wọlé, ohun tó ń ṣe é, àti àwọ̀ oògùn tó gbé jáde. Mi ò mọ orúkọ oògùn, àwọ̀ ni mo mọ̀.

Ọmọ mi, mo rí nǹkan ìyanu. Ní àárọ̀, nígbà tí ẹni mẹ́ta mẹ́rin bá wà lórí bẹ́ǹṣì, àìsàn wọn máa ń yàtọ̀ síra. Oníkọ́ á gba olómi, ẹni tí inú ń run á gba ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, ẹlòmíì á jáde lọ́wọ́ òfo, dókítà á ní kó lọ sinmi, kó máa mu omi. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí bẹ́ǹṣì kún dé ẹnu ọ̀nà, àìsàn gbogbo wọn á di ẹyọ kan. Oníkọ́ gba funfun àti pupa. Ẹni tí orúnkún ń dùn gba funfun àti pupa. Ọkùnrin kan tó kàn sin ìyàwó rẹ̀ wá sín lẹ́ẹ̀kan péré, òun náà gba funfun àti pupa. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan tó wọ táì máa ń gbé báàgì dúdú wá, á fún dókítà ní bírò àti kàlẹ́ńdà, láti ọjọ́ kejì rẹ̀ pupa á di aláwọ̀ ọsàn. Mo rò pé bíi ti aṣọ ni, pé àwọ̀ tó ń lọ lóde ló ń kó wá. Àìsàn ìlú yìí sì rèé, mo ro ó títí, aago ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí ara bá fẹ́ ṣe ọ́ lọ́hùn-ún, jọ̀ọ́, jẹ́ kó ṣe ọ́ kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ìyá àgbà kan ló ń pín oògùn lójú fèrèsé nígbà tí a kọ́kọ́ dé. Òun kì í kọ nǹkan kan. Oòrùn ló máa ń yà sára àpò fún àárọ̀, òṣùpá fún alẹ́, oòrùn kan hóró kan. Nínú gbogbo ìwé mi, mi ò rí àpò tí oòrùn rẹ̀ ju mẹ́ta lọ. Rántí ìyẹn. Ó fẹ̀yìn tì ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n wá gbé ọmọbìnrin kan wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Dúró-síbẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kì í kí èèyàn, ẹ dúró síbẹ̀ ni ìkíni tirẹ̀. Àmọ́ ó fẹ́ràn mi o. Láti ọjọ́ tó ti rí mi tí mò ń kọ̀wé ló ti ń gbé àga onítìmùtìmù fún mi, tó ń béèrè bóyá atẹ́gùn ń kàn mí lára. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ọ̀dọ̀ ìjọba ni mo ti ń bọ̀. Mo ní rárá, ẹ̀yìn ilé káfíńtà ni. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó ní òun ti gbọ́, òun á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Kọ̀ǹpútà náà mọ Yorùbá. Ó ń pọ ìwé pélébé jáde, Dúró-síbẹ̀ á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò. Níjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, dókítà pààrọ̀ oògùn bàbá rẹ. Ọ̀sán ni, èrò kún, Dúró-síbẹ̀ ju àpò sí mi lọ́wọ́, ó pe ẹlòmíì. Mi ò lè béèrè. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ìka tọ ìwé pélébé náà, mo pè é lẹ́yọ lẹ́yọ. LO OGUN LEEMEJI LOJUMO. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá dá kà láyé mi tí kì í ṣe ojú pátákó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ni wọ́n kọ́ wa ní òǹkà dé ogún, nítorí náà mo dá a mọ̀ bí ẹni dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò. Lo ogún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́! Mo da oògùn náà sínú àwo, mo kà á. Ogójì géérégé. Ogún láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́, ó tán. Ìṣirò náà bára mu débi pé iyèméjì kò ríbi wọlé.

Inú bàbá rẹ dùn ju tèmi lọ. Ó ní ìyàwó òun ti di akọ̀wé. Ó ní dókítà ti wá mọ̀ báyìí pé àìsàn òun kì í ṣe àìsàn ọmọdé, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fún òun tẹ́lẹ̀, ẹyẹ ni wọ́n fi òun pè. Ó ní bí ó bá jẹ́ ogójì ló tán án, a jẹ́ pé àìsàn ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù lára òun nìyẹn, lọ́túnla òun á máa gun kẹ̀kẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo fọ síbí. Síbí kò gba ogún. Ó gba méje, ìyókù ń yí dànù. Mo kó wọn sínú àwo tíì, mo ń wò wọ́n, ni mo bá rántí oòrùn ìyá àgbà. Mo ṣí ìwé mi láti ojú ewé àkọ́kọ́. Oòrùn kan, oòrùn méjì, òṣùpá kan. Kò sí ogún níbì kankan. Mo sọ fún bàbá rẹ pé kí a lọ béèrè. Ó ní béèrè kí ni? Ó ní ta ló kà á, ṣé kì í ṣe èmi ni? Àbí mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n kà? Lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ìtìjú ló dí mi lẹ́nu, ìgbéraga ni. Mo ní omi inú ife kò ní tó fún ogún, kí ó dúró kí n lọ gbọ́n wá.

Mo bá ìyàwó káfíńtà níbi ẹ̀rọ omi. Ó so àpò oògùn mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ, ìwé pélébé kan náà sì wà lára rẹ̀. Mo kà á láti ọ̀ọ́kán, LO OGUN LEEMEJI LOJUMO. Mo bi í pé mélòó ni wọ́n kó fún un. Ó yí padà, ó ní háà, Ìyá Oníwèé, ṣé ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ni! Ó ní òun ti sọ fún ọkọ òun pé odi ni mí, ọkọ òun ní rárá o, amí ni. Ó ní mẹ́wàá ni wọ́n kó fún òun, ti ọjọ́ márùn-ún. Mo ní mélòó ló ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ọ̀kan ni, mélòó ni kó tún jẹ́, ṣé òun fẹ́ fi oògùn yó ni?

Mẹ́wàá. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mú ogún jáde nínú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì? Mo ju korobá sílẹ̀, mo sáré. Ibi ẹ̀rọ omi kò jìnnà sí yàrá wa, ọmọ mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti gbé yàrá náà lọ síbòmíì.

Bàbá rẹ kò dúró de omi. Tíì tó ṣẹ́kù ló rí nínú ife, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè kí ó má bàa ṣì í. Bí mo ṣe wọlé ló ń sọ pé márùn-ún. Mo gbá àwo kúrò níwájú rẹ̀, oògùn fọ́n káàkiri ilẹ̀, mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó rò pé wèrè ló kọlù mí, ó gé mi jẹ. Ìkarùn-ún jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ mi lára rẹ̀. Mẹ́rin ti lọ sísàlẹ̀.

Káfíńtà da pákó kúrò nínú ọmọlanke rẹ̀, a gbé bàbá rẹ sí i. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó ti ń sọ pé ilẹ̀ ń yí. Lójú fèrèsé, Dúró-síbẹ̀ ní kí a dúró síbẹ̀, kí a gba nọ́ńbà. Ohùn kan jáde lẹ́nu mi tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Mo ní a ò dúró! Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí olùkọ́ bá wọ kíláàsì.

Dókítà fi aṣọ tó máa ń wú yẹn wé e lápá, ó fún un, ó wo nọ́ńbà, ó tún fún un. Ó ní nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀. O mọ̀ pé ẹjọ́ tí wọ́n ń bá wa ṣe láti oṣù mẹ́ta ni pé nọ́ńbà ga, kí ó wálẹ̀, nítorí náà mo ní a dúpẹ́ o. Dókítà wò mí. Ó ní Màmá, ó níbi tó yẹ kó wálẹ̀ dé, tó bá kọjá ibẹ̀ ọkàn á dákẹ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ìrọ̀rí, wọ́n so omi mọ́ ọn lápá. Ojú rẹ̀ dà bí eérú. Ó ń pè mí ní orúkọ tó ń pè mí kí a tó bí ọ, orúkọ tí mo rò pé ó ti gbàgbé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó rọ mú, mò ń ka ìwé pélébé yẹn sínú léraléra, bí ẹni tó ń wá ibi tí òun ti ṣìnà.

Dókítà ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo na ìwé pélébé náà sí i, mo sì kà á bí mo ṣe kà á nílé. Ó ní oògùn ni, Màmá, lo oògùn. Mo ní ogún ni wọ́n kọ. Dúró-síbẹ̀ ní ẹ má dá wọn lóhùn, wọn ò mọ̀wé ni. Dókítà ní kó panu mọ́. Ó wo ìwé náà títí, ètè rẹ̀ ń mì, mo sì rí i nígbà tí òun náà kà á bí mo ṣe kà á. Ó mú bírò pupa, ó kọ méjèèjì sẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀: ogún, oògùn. Ó ní ṣé mo rí àmì tó wà lórí wọn. Mo ní àwọn wọ̀nyẹn ni àmì? Ọmọ mi, mo rò pé ìgbẹ́ eṣinṣin ni. Wọ́n pọ̀ nínú ìwé kíláàsì wa, mo sì ti fi aṣọ olómi nu tèmi títí ìwé fi lu. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò ní wọn rárá. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú, gbogbo ohùn rí pẹrẹsẹ. Mo bi dókítà bóyá ó ti fún un lóògùn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bi Dúró-síbẹ̀ pé àpò mélòó ló ti bá ìwé yìí jáde. Dúró-síbẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ ni. Dókítà ní àwọn wo ló gbà á? Dúró-síbẹ̀ ní inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ wọn wà, iná sì ti lọ láti àná. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ẹ̀rọ dúdú yẹn bí ẹni tó ń wo kànga tí ọmọ jìn sí. Nígbà náà ni mo na ìwé mi. Gbogbo wọn wà níbẹ̀: télọ̀ tí kò ní eyín iwájú, obìnrin onígèlè búlúù tí ilé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń jó irin, bàbá tó máa ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, àti àwọ̀ ohun tí kálukú gbé lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gun alùpùpù rẹ̀, Dúró-síbẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé mi láyà, ó ń sunkún. Ó ní òun ti rò pé ìwé tí mo fẹ́ fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ni.

Wọ́n bá gbogbo wọn láyọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò mọ̀wé, nítorí náà nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Télọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n kà bíi tèmi. Ó ti to ogún sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wá ìgboyà.

Ní ọ̀sán, nọ́ńbà bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Ó la ojú, ó ní ṣé márùndínlógójì tó kù, ọ̀la ni a máa lò ó ni? Ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tí ìwé mi padà dé, dókítà ṣí àwọn ojú ewé ìṣáájú. Ó ń kà á lóòró, lẹ́yìn náà ó jókòó. Funfun àti pupa, funfun àti pupa, ojú ewé mọ́kànlá. Ó ní Màmá, ṣé gbogbo ọ̀sán ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ìgbà tí bẹ́ǹṣì bá ti kún dé ẹnu ọ̀nà, mo sì yìn ín pé ó mọ àìsàn ọ̀sán dáadáa. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe àìsàn ló ń tẹ̀ lé aago, òun ni. Ó ní bó bá ti rẹ òun, ọwọ́ òun ló ń dá kọ̀wé, òun ò sì mọ̀. Ó dé ibi ọkùnrin onítáì, ó dìde, ó yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Ó ní láti ìsinsìnyí, ogún èèyàn péré ni òun á máa rí lójúmọ́. Ogún tòótọ́ ni, mo gbọ́ àmì rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá bẹ̀ mí pé kí n máa wá jókòó lójú fèrèsé láàárọ̀, kí n máa fi àmì sí ìwé pélébé wọn, kí n sì kà á sókè sí etí ẹni tó ni ín kó tó lọ. Mo ní èmi kẹ̀? Mo ní ojú ń tì mí, mo ní mo ti fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ pátápátá, nítorí ìwé kíkà mi ló fẹ́ẹ̀ pa bàbá rẹ. Bàbá rẹ dáhùn látorí bẹ́ẹ̀dì pé bí mo bá fi ìwé sílẹ̀, a jẹ́ pé lásán ni òun gbé mẹ́rin mì. Olùkọ́ ní tirẹ̀ ní mo ka ohun tó wà níbẹ̀. Òun ló jókòó tì mí báyìí, tó ń bá mi wo àmì inú lẹ́tà yìí, ó sì ti mu tíì wa. Àlejò wa àkọ́kọ́ nìyẹn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ mi. Kì í ṣe ti oògùn, ti ìwé tuntun ni, nítorí dókítà ò tíì dá tèmi padà, ó ní òun ṣì ń kà á. Fún ẹni tó ń bọ̀ níbí, má jẹ́ kí ó gba ẹ̀rọ ara ògiri tó ń pọ owó. Mo kí ẹ̀rọ yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí. Àṣírí wo ni mo ní?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lánàá mo tú fóònù jáde nínú aṣọ, mo fi ojú ara mi wo ohun tí o kọ lóṣù tó kọjá. E MA LO OGUN YEN TITI N O FI DE. Ọmọ mi, ṣé ẹ máa lò ó ni, àbí ẹ má lò ó? Bàbá rẹ ní ẹ máa ni. Èmi ò lè búra mọ́. Jọ̀ọ́, fi àmì sí èyí tí o bá fẹ́ kọ lẹ́yìn èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti ní títí n ó fi dé, ìyẹn ò nílò àmì, ó yé wa bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo lo máa dé?

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹnu rẹ lọ́wọ́ ohun tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ nípa rẹ, ojú rere ni wọ́n á fi kà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣì ọ́ pè, á rí àmì orí rẹ.

Lọ́la, èmi ìyá rẹ, màá fọ síbí, màá fún bàbá rẹ ní ọ̀kan, ọ̀kan péré, màá fa ìlà sára ògiri, màá sì mú bírò pupa tí dókítà fún mi, tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, lọ síbi fèrèsé, màá bẹ̀rẹ̀ láti àpò àkọ́kọ́, títí tí kò fi ní sí ogun kankan mọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn, àfi oògùn.